Bí A Ṣe Lè Fi Orin Olórin Kan Ṣoṣo Gbé Fíìmù Kátúùnù Ró

Ẹni tó bá fẹ́ fi orin gbajúmọ̀ olórin kan gbé odindi fíìmù kátúùnù ró gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dáhùn ìbéèrè kan kí ó tó tan kọ̀ǹpútà rárá. Ta ni ó ń kọrin nínú fíìmù náà? Ṣé ẹ̀dá inú ìtàn ni, tí àwa òǹwòran yóò máa rí bí ẹnu rẹ̀ ṣe ń ṣí tó sì ń padé, tàbí olórin fúnra rẹ̀ ni, tí a kò ní fojú rí, àmọ́ tí ohùn rẹ̀ yóò máa bá ìtàn lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin? Bí a kò bá pinnu èyí, ohun tí a ó ní lọ́wọ́ níkẹyìn ni fídíò orin mẹ́fà tí a so pọ̀, tí àwòrán ẹ̀dá kan náà wà nínú gbogbo wọn, a kò sì lè pe ìyẹn ní fíìmù.

Fún àwa tí a wà ní ilẹ̀ Òkun ní Ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kábà títí dé Ẹ̀gbẹ̀, mo gbà pé ohun tó rọrùn jù ni kí a fi olórin náà ṣe apàlọ́. Apàlọ́ kò sí lára àwọn tí nǹkan ń ṣẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n òun ni ó mọ ibi tí ìtàn ń lọ, òun ni ó ń dá orin, àwọn tó jókòó yí i ká ni ó sì ń gbè é. Ẹ wo bí orin inú àlọ́ ṣe ń ṣiṣẹ́. Orin kan náà ni a sábà máa ń kọ ní ẹ̀ẹ̀mẹta, síbẹ̀ ohun tó wà nílẹ̀ nígbà àkọ́kọ́ kọ́ ni ó wà nílẹ̀ nígbà kẹta: ní àkọ́kọ́, odò ṣẹ̀ṣẹ̀ bo ọmọ náà ní kókósẹ̀, ní ẹlẹ́ẹ̀kejì, ó ti mù ún dé orúnkún, ní ẹlẹ́ẹ̀kẹta, omi ti dé ọrùn. Ọ̀rọ̀ orin kò yí padà, ewu ni ó ń ga sí i. Ẹni tó bá lóye èyí ti mọ ìdajì ohun tí mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí orin tí nǹkan kan kò bá yí padà nígbà tí a ń kọ ọ́ kò ní ìdí tí ó fi yẹ kó wà nínú fíìmù, bó ti wù kí olórin rẹ̀ lókìkí tó.

Àwọn òyìnbó náà ti gba ọ̀nà yìí kọjá. Nínú Tarzan tí Disney gbé jáde ní 1999, Phil Collins ni ó ṣẹ̀dá àwọn orin, ohùn rẹ̀ sì ni a ń gbọ́ nínú púpọ̀ wọn. Ìnàkí àti ènìyàn inú fíìmù náà kì í dúró kọrin síra wọn, àfi ní ìwọ̀nba ibi díẹ̀. Ohùn Collins ni ó ń sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, òun náà ni ó sì ń gbé ọdún kọjá lójú wa títí ọmọ ọwọ́ fi di géńdé. Nígbà tí fíìmù náà ń lọ sí ilẹ̀ mìíràn, òun fúnra rẹ̀ ni ó tún àwọn orin náà kọ ní èdè Faransé, Jámánì, Ítálì àti Sípéènì, nítorí pé apàlọ́ ni wọ́n fi í ṣe, kò sì yẹ kí apàlọ́ yí padà di ẹlòmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn orin náà gba àmì ẹ̀yẹ Oscar ní ọdún 2000. Ọ̀nà kejì ni ti The Lion King ti 1994: Elton John ṣe ohùn orin, Tim Rice kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ẹranko inú ìtàn ni ó kọ púpọ̀ nínú wọn lẹ́nu, Hans Zimmer sì ṣe orin abẹ́lẹ̀, tí Lebo M, ọmọ ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà, bá a tò àwọn ègbè. Òǹwòran ní láti dúró títí orúkọ àwọn òṣìṣẹ́ yóò fi máa gòkè lójú sinimá kí ó tó gbọ́ ohùn Elton John fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà kejì yìí dára, ṣùgbọ́n owó ni ó ń jẹ. Gbogbo ìgbà tí ẹ̀dá kan bá kọrin lójú wa ni a ní láti ya ẹnu rẹ̀ bá ọ̀rọ̀ mu, a sì tún ní láti wá ẹni tó lè kọrin àti ẹni tó lè sọ̀rọ̀ nínú ohùn kan náà. Ẹgbẹ́ kékeré tó ní kọ̀ǹpútà méjì ní Ìyàrà tàbí Ìsánlú kò gbọdọ̀ fi ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi olórin ṣe apàlọ́, kí ẹ sì fi ìyókù ipá yín sí ara ìtàn. Bí ẹ bá sì fẹ́ kí àwòrán olórin náà wà nínú fíìmù, tí kò sì ní àyè láti jókòó gba ọ̀rọ̀ sílẹ̀, ìyẹn kò da iṣẹ́ dúró. Nínú Yellow Submarine ti 1968, orin ẹgbẹ́ Beatles ni ó kún inú fíìmù náà, síbẹ̀ àwọn òṣèré mìíràn ni ó sọ ọ̀rọ̀ ẹnu wọn.

Iṣẹ́ tí orin kọ̀ọ̀kan yóò ṣe

Ẹ jẹ́ kí ìtàn ṣáájú orin. Ẹ kọ ọ́ ní ojú ewé kan, kí ó ní ẹni tó fẹ́ nǹkan, ohun tó dí i lọ́wọ́, àti bí ó ṣe parí. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó jókòó ti àwọn orin olórin náà, kí ẹ sì gbọ́ wọn tán pátápátá, títí kan àwọn tí kò gbajúmọ̀. Lẹ́bàá orin kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ gbólóhùn kan péré tó sọ ohun tó yí padà láàárín ìbẹ̀rẹ̀ orin náà àti òpin rẹ̀. Orin ìfẹ́ púpọ̀ ni kò ní ṣeé kọ gbólóhùn yìí sí, nítorí ohun kan náà ni olórin ń tún sọ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Irú wọn kò burú, ibi ìdárayá tàbí ibi tí ọjọ́ ń gorí ọjọ́ ni ó yẹ wọ́n. Orin tí ẹsẹ kejì rẹ̀ mú ìròyìn tuntun wá ni ẹ ní láti fi sí ibi tí ìtàn ti ń yí kọ́nà.

Mo máa fi àpẹẹrẹ kan sílẹ̀ tí a ó máa padà sí. Ìtàn náà wáyé ní Búnú. Ìyá àgbà kan ń hun aṣọ pupa lórí òfì rẹ̀ tó dúró gbọọrọ lára ògiri, irú èyí tí àwọn obìnrin Búnú ń lò. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin gbọ́dọ̀ gbé aṣọ náà dé Kábà kí ilẹ̀ tó ṣú, ṣùgbọ́n ó dúró mú kaṣú lọ́nà, ẹnìkan sì gbé aṣọ lọ. Olórin yín ní orin mẹ́rin tó bá a mu: ọ̀kan nípa iṣẹ́ ọwọ́, ọ̀kan nípa ìgbádùn, ọ̀kan nípa ohun tó sọnù, àti ọ̀kan nípa ìpadàbọ̀. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí a tò wọ́n bẹ́ẹ̀ tẹ̀lé ara wọn, kí orin ìgbádùn bọ́ sí ibi ìgbádùn, kí orin ìbànújẹ́ sì bọ́ sí ibi ìbànújẹ́. Ẹ gbìyànjú kí ẹ gbé orin ìgbádùn sí abẹ́ ibi tí olè ti ń yọ́ bọ̀ lẹ́yìn ọmọ náà. Ọmọ ń jó, ilẹ̀kẹ̀ ń mì, olórin ń kọrin ayọ̀, àwa nìkan ni a rí ọwọ́ tó ń na sí aṣọ. Ẹ wá jẹ́ kí ègbè orin iṣẹ́ ọwọ́ padà wá lẹ́ẹ̀kejì nígbà tí ọmọ náà ń wá aṣọ láàárín àwọn ọlọ́jà ní Kábà, àti lẹ́ẹ̀kẹta nígbà tí òun fúnra rẹ̀ jókòó sídìí òfì láti tún òmíràn hun. Orin mẹ́rin ti di mẹ́fà láìjẹ́ pé ẹ san owó orin mẹ́fà.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ orin dáadáa. Àwọn ọmọdé ni yóò kọ́kọ́ wo kátúùnù, àjọ ìjọba tó ń yẹ fíìmù wò, NFVCB, sì ni yóò sọ ọjọ́ orí àwọn tí ó tọ́ sí kí a tó gbé e síta fún gbogbo ènìyàn. Bí ẹsẹ kan bá mẹ́nu kan ọtí tàbí ọ̀rọ̀ yàrá, ẹ gé e, tàbí kí ẹ lo ibi tí ohun èlò nìkan ti ń sọ̀rọ̀.

Ìwé àṣẹ

Orin kan ní ẹ̀tọ́ méjì lórí, ibẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tó dára ti ń rì. Èkíní ni ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ àti ohùn orin. Èkejì ni ẹ̀tọ́ orí ohùn tí a gbà sílẹ̀ ní sítúdíò, èyí sì sábà máa ń wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ tó náwó sí i. Olórin lè rẹ́rìn-ín sí yín níbi ìnáwó ní Mọ̀pà, kí ó ní kí ẹ máa lo orin òun lọ, síbẹ̀ kí ẹ̀tọ́ kejì má sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Òfin ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ti 2022 ni a ń lò ní Nàìjíríà báyìí. Lábẹ́ rẹ̀, ẹ̀tọ́ lórí ohùn orin àti ọ̀rọ̀ rẹ̀ wà títí di 70 ọdún lẹ́yìn ikú ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, ti ohùn tí a gbà sílẹ̀ sì wà fún 50 ọdún lẹ́yìn tí a gbé e jáde. Ẹ má ṣe rò pé orin àtijọ́ ti di ti gbogbo ayé nítorí pé bàbá yín ni ó ń jó sí i.

Ẹ kọ ìwé náà sílẹ̀ dáadáa. Kí ó dárúkọ fíìmù, kí ó sọ iye ìṣẹ́jú àáyá tí ẹ ó lò nínú orin kọ̀ọ̀kan, ọdún mélòó, orílẹ̀-èdè wo, àti ibi tí a ó ti fi hàn: tẹlifíṣọ̀n, sinimá, YouTube, ilé ìwé. Ohun tí àwọn ènìyàn sábà máa ń gbàgbé ni ohun tí kátúùnù nílò jù: àṣẹ láti gé orin kúrú, láti dín ìyára rẹ̀ kù, láti yọ ohùn olórin kúrò kí ohun èlò nìkan ṣẹ́kù, láti jẹ́ kí ọmọdé mìíràn tún un kọ, àti láti túmọ̀ rẹ̀. Bí ẹ bá gbé fíìmù sórí YouTube láìní ìwé yìí, ẹ̀rọ wọn lè dá orin náà mọ̀ fúnra rẹ̀, kí owó ìpolówó sì bọ́ sápò oni-ǹkan, tàbí kí wọ́n ti fídíò náà pa.

Orin ìbílẹ̀ ńkọ́? Òfin kan náà dáàbò bo orin àti ijó ìbílẹ̀ nígbà tí a bá gbé e kúrò ní àyè rẹ̀ láti fi pa owó, àjọ ìjọba tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníṣẹ́-ọpọlọ ni ó sì ń fúnni láṣẹ. Ó tún yẹ kí ẹ dé ọ̀dọ̀ àwọn àgbà ìlú. Àwọn orin kan wà tí wọ́n jẹ́ ti egúngún, tí a kì í kọ níta fún ẹnikẹ́ni, ẹ kò sì ní rí ìyẹn kà nínú ìwé òfin kankan.

Ìṣirò ìlù àti fréèmù

Ibí ni iṣẹ́ gan-an wà. Fíìmù ń lo fréèmù 24, ìyẹn àwòrán dídúró 24 tó ń tẹ̀lé ara wọn, ní ìṣẹ́jú àáyá kan, èyí já sí 1,440 ní ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ bá fi iye ìlù tó ń dún nínú ìṣẹ́jú kan pín 1,440, ẹ ó mọ iye fréèmù tó wà láàárín ìlù kan àti èkejì. Orin tó ń lọ ní 80 yóò fún yín ní fréèmù 18. Ti 90 yóò fún yín ní 16. Ti 96, 15. Ti 120, 12. Àwọn wọ̀nyí kò ní wàhálà nínú. Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí orin bá ń lọ ní 100, tí orin àwọn ọ̀dọ́ ìwòyí kì í sì í sábà jìnnà sí i, nítorí ohun tí ẹ ó rí ni 14.4, kò sì sí ìdá mẹ́rin nínú mẹ́wàá fréèmù níbi kankan. Bí ẹ bá ní kí ẹ sọ ọ́ di 14, ìlù kan kò ní fi bẹ́ẹ̀ hàn, ṣùgbọ́n lẹ́yìn 60 ìlù, ìyẹn àáyá 36 péré, àwòrán yín yóò ti fi fréèmù 24 ṣíwájú orin. Ìyá àgbà yóò ti na apása rẹ̀, igi pẹlẹbẹ tí a fi ń gbá òwú pọ̀ lórí òfì, tán kí a tó gbọ́ ìró rẹ̀.

Ọ̀nà àbáyọ mẹ́ta ni ó wà. Ẹ lè bẹ olórin kí ó tún orin náà gbà sílẹ̀ ní 96, bí ó bá ní àyè. Ẹ lè jẹ́ kí àwòrán bá ìlù mu ní ẹ̀ẹ̀kan nínú ìlù márùn-ún, nítorí márùn-ún nínú 14.4 jẹ́ 72 gérégé. Ẹ̀kẹta ni mo fẹ́ràn jù fún iṣẹ́ tó jẹ́ pé orí tẹlifíṣọ̀n ilẹ̀ wa ni yóò ti jáde: ẹ ya fíìmù náà ní fréèmù 25 ní àáyá kan, tí í ṣe ìlànà tí tẹlifíṣọ̀n Nàìjíríà ti ń lò tipẹ́. Ìṣẹ́jú kan á wá jẹ́ 1,500, orin 100 á sì fún yín ní fréèmù 15 láìṣẹ́kù. Ohun tí ẹ bá yàn, ẹ yàn án kí ẹ tó ya àwòrán àkọ́kọ́, nítorí àtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn náà dà bí ìgbà tí a ń tú aṣọ tí a ti hun tán.

Ẹ jẹ́ kí a padà sídìí òfì. Orin iṣẹ́ ọwọ́ ń lọ ní 90, a ní fréèmù 16 fún ìlù kan. Bí a bá ń ya àwòrán kan fún fréèmù méjì méjì, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ayàwòrán ṣe ń ṣe kí ọwọ́ má baà bó, àwòrán mẹ́jọ ni a ní láàárín ìlù kan. Nínú mẹ́jọ yìí, ìyá àgbà yóò fi mẹ́ta gbé apása, yóò fi méjì dúró díẹ̀ lókè, yóò fi ọ̀kan ṣoṣo sọ̀ ọ́ kalẹ̀, yóò sì fi méjì tó kù mì okùn òwú. Ìsọ̀kalẹ̀ náà gbọ́dọ̀ yára. Bí ẹ bá pín in dọ́gba pẹ̀lú ìgbésókè, apása yóò dà bí ohun tó ń léfòó lórí omi. Ẹ sì gbé ibi tí apása ti kan òwú síwájú ìró ìlù ní fréèmù kan tàbí méjì. Ojú a máa fẹ́ rí nǹkan kí etí tó gbọ́ ọ, bí ẹ bá sì tò ó dọ́gba gẹ́ẹ́, yóò dà bí ẹni pé àwòrán ń pẹ́ lẹ́yìn. Ọmọ-ọmọ rẹ̀ ní tirẹ̀ lè máa fi fréèmù 16 gbé ẹsẹ̀ kan nígbà tó bá ń rìn gbẹ̀fẹ́, kí ó sì máa fi mẹ́jọ gbé e nígbà tó bá ń sáré. Orin kan náà ni, ìlù kan náà ni, ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ méjì ti bọ́ sí àárín ìlù kan.

Ẹ tún ṣírò iṣẹ́ kí ẹ tó ṣèlérí. Orin ìṣẹ́jú mẹ́ta jẹ́ fréèmù 4,320, ìyẹn àwòrán 2,160 bí a bá ń ya méjì méjì. Nítorí náà ni mo fi máa ń sọ pé kí orin kankan má ṣe kọjá ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ nínú fíìmù ẹgbẹ́ kékeré. Ẹ fi ìfáàrà gígùn sílẹ̀, ẹ mú ẹsẹ kan àti ègbè, kí gbogbo ìyókù dúró de àwo orin. Blender, Krita àti OpenToonz, àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń ya àwòrán, kò béèrè owó lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ẹ sì lè fi èyíkéyìí nínú wọn tò àwòrán ṣákálá sí abẹ́ orin láti rí bí yóò ṣe rí kí ẹ tó kun ọ̀dà kan ṣoṣo.

Ẹnu tó ń kọrin Yorùbá

Bí ó bá di dandan kí ẹ̀dá kan kọrin lójú wa, ẹ má ṣe gba àtẹ ẹnu tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì yà fún ara wọn. Èdè wa kò nílò ẹnu púpọ̀. Ètè pa dé fún b, m, p àti gb. Eyín òkè kan ètè ìsàlẹ̀ fún f. Ètè ká roboto fún o, u àti w, ó sì là díẹ̀ sí i fún ọ. Ó fẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ fún i àti e. Ó là gbàgà fún a àti ẹ. Ẹnu kan tún wà fún ìgbà tí ahọ́n bá gbéra, bí i ti l, n àti t. Ìyẹn tó fún odindi fíìmù kan.

Ibi tí àwọn ẹ̀rọ ti ń ṣìnà ni gb. Ẹ̀rọ tí a fi Gẹ̀ẹ́sì kọ́ yóò rí g, yóò la ẹnu sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni yóò tó rántí pé b wà níwájú. Nígbà tí olórin yín bá kọ "gbogbo", ètè gbọ́dọ̀ ti pa dé láti ìbẹ̀rẹ̀, kí ó là, kí ó tún pa dé. Bákan náà ni "ń bọ̀": ń yẹn ti di m lẹ́nu wa kí a tó dé b, nítorí náà ètè yóò pa dé fún méjèèjì lápapọ̀. Ẹ jẹ́ kí ètè wà ní pípadé fún fréèmù méjì, ó kéré tán. Tí ó bá jẹ́ ọ̀kan, ojú kò ní rí i. Rhubarb Lip Sync, ètò kọ̀ǹpútà tó ń mú ẹnu bá ohùn mu, tí òun náà jẹ́ ọ̀fẹ́, ní ìlànà kan tó ń tẹ̀lé ìró láìbìkítà èdè, tí wọ́n pè ní phonetic. Òun ni kí ẹ yàn, kí ẹ sì fi ojú yín tún ìyókù ṣe.

Bí ẹ bá ń túmọ̀ orin Gẹ̀ẹ́sì olórin náà sí Yorùbá, ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ yóò máa bá ara wọn jà. Ẹ pe ẹnìkan tí kò rí ọ̀rọ̀ orin náà rí, kí ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, kí ó sì kọ ohun tó gbọ́ sílẹ̀. Ibi tó bá ti kọ nǹkan mìíràn ni kí ẹ ti pààrọ̀ ọ̀rọ̀, ẹ má ṣe bá a jiyàn. Kò sí ohun tó ní kí èdè orin àti èdè ọ̀rọ̀ ẹnu jọ ara wọn. Olórin lè kọ Yorùbá tí gbogbo ayé gbọ́, kí àwọn ẹ̀dá inú ìtàn sì máa sọ Owé, Yàgbà tàbí Ìjùmú. Mo tilẹ̀ fẹ́ràn rẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí ọmọ tó bá wọ ọjà Kábà nínú fíìmù, tó sì ní "Òkun o" sí àwọn àgbà, ti sọ ibi tí a wà láìjẹ́ pé a kọ ọ́ sí ojú àwòrán.

Orin abẹ́lẹ̀ àti ohùn tí a ó gbà sílẹ̀

Orin olórin nìkan kò lè bo fíìmù. Láàárín orin kan àti èkejì ni orin abẹ́lẹ̀ wà, ó sì yẹ kí a fa á yọ láti ara àwọn orin náà gan-an. Nínú Gnomeo & Juliet ti 2011, tí orin Elton John kún inú rẹ̀, James Newton Howard àti Chris Bacon ni ó ṣe orin abẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ lè ṣe ni kí ẹ mú ìlà ègbè kan, kí ẹ yọ ọ̀rọ̀ kúrò, kí ẹ sì fi fèrè tàbí gìtá fọn ún díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìtàn, kí òǹwòran tó gbọ́ orin náà rárá. Nígbà tí olórin bá wá ya ẹnu níkẹyìn, yóò dà bí ẹni pé wọ́n ti mọ orin náà tipẹ́.

Nítorí èyí, ẹ má ṣe gba orin tí a ti pò pọ̀ tán nìkan lọ́wọ́ sítúdíò. Ẹ béèrè ohùn olórin lọ́tọ̀, ègbè lọ́tọ̀, ìlù lọ́tọ̀, gìtá àti dùùrù lọ́tọ̀. Pẹ̀lú rẹ̀, ẹ lè fa ohùn olórin wálẹ̀ nígbà tí ìyá àgbà bá ń sọ̀rọ̀, kí ìlù sì máa bá tirẹ̀ lọ. Ọ̀rọ̀ ẹnu àti ọ̀rọ̀ orin kò gbọdọ̀ dún pọ̀. Etí kan kò lè gbọ́ ìtàn méjì, ọmọdé kì í sì í ní sùúrù láti yàn.

Ní ti gbígba ohùn sílẹ̀, ẹ lo 48 kHz àti 24-bit, tí í ṣe ìwọ̀n fíìmù. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí òpópónà tó wá láti Ọbájánà sí Kábà mọ bí àwọn tírélà sìmẹ́ńtì ṣe ń kọjá. Ariwo wọn wọlẹ̀, ó ń gba ara ògiri wọlé, tìmùtìmù kò sì lè dá a dúró. Ẹ wá ilé tó jìnnà sí títì, ẹ gbé máíkù sí yàrá tí aṣọ kún, kí ẹ sì fi bátìrì ṣiṣẹ́ dípò jẹnẹrétọ̀. Ìró apása gan-an, ẹ gbà á sílẹ̀ lọ́dọ̀ ahunṣọ gidi. Ìró tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì jẹ́ ti òfì àwọn ẹlòmíràn, ìyá Búnú tó bá gbọ́ ọ yóò sì mọ̀ lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí àwo bá fẹ́ jáde

Àwo orin fíìmù kì í ṣe fíìmù tí a yọ àwòrán kúrò lára rẹ̀. Lórí àwo ni kí ẹ ti lo orin ní gígùn rẹ̀, kí ẹ sì fi orin tuntun kan kún un tí olórin kọ fún ìparí fíìmù. Beyoncé lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní 2019. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ The Lion King tuntun ti ọdún náà, ó ṣe àwo tirẹ̀ lọ́tọ̀, The Gift, ó pe Burna Boy, Wizkid, Tiwa Savage, Yemi Alade, Mr Eazi àti Tekno sí i, ó sì fi gbólóhùn ọ̀rọ̀ ẹnu láti inú fíìmù náà sí àárín àwọn orin. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni ẹ lè ṣe láìnáwó: ohùn ìyá àgbà fún ìwọ̀nba àáyá kan ṣáájú orin kẹta yóò mú kí ẹni tí kò tíì rí fíìmù béèrè rẹ̀. Ẹ to àwọn orin bí ìtàn ṣe lọ, àfi bí méjì tó jọ ara wọn jù bá tẹ̀lé ara wọn. Fún ẹ̀dà YouTube, ìwọ̀n ariwo tó wà ní àyíká -14 LUFS ni kí ẹ fojú sùn, nítorí ohun tó bá ga jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn ni yóò fà á wálẹ̀.

Iṣẹ́ kan ṣì kù tí kò dùn ún ṣe, tí ó sì ń mú owó wá. Ẹ ṣe àkójọ gbogbo orin inú fíìmù náà sójú ìwé kan: orúkọ orin, ẹni tó ṣẹ̀dá rẹ̀, ẹni tó ni ohùn tí a gbà sílẹ̀, ìṣẹ́jú àti àáyá tó bẹ̀rẹ̀, ìgbà tó parí, àti bóyá a kọ ọ́ lójú wa tàbí ó wà lábẹ́lẹ̀. Ẹ kọ àwọn ibi tí ìlà ègbè ti jáde pẹ̀lú fèrè nìkan sí i pẹ̀lú, nítorí ẹ̀tọ́ ẹni tó ṣẹ̀dá ohùn orin ṣì wà níbẹ̀. Ẹ̀dà kan lọ sí ọ̀dọ̀ olórin, ọ̀kan sí ilé iṣẹ́ tẹlifíṣọ̀n yòówù tó bá gba fíìmù náà, ní Lọ́kọ́ja tàbí níbòmíràn, ọ̀kan sì lọ sí àjọ tí í gba owó ẹ̀tọ́ jọ fún àwọn olórin. Ẹ ṣe é ní ọjọ́ tí ẹ bá parí àpòpọ̀ ohùn, nígbà tí gbogbo rẹ̀ ṣì wà lójú kọ̀ǹpútà níwájú yín.